Kóró Aláwọ̀ tí Ọdẹ́wándé Lọ Wá ní Ìlú Funfun-Báláú

Ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ wú u tán báyìí, nítorí bí mo bá ti la ẹnu, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ike oògùn aláwọ̀ mèremère kiri nínú báàgì, tí ẹ ń gbé ọ̀kan mì láàárọ̀, tí ẹ ń gbé òmíràn mì lálẹ́, tí ẹ wá ń fi ẹ̀fọ́ inú abọ́ ṣeré bí ẹni ń ro oko, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ má wo ẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi dọdẹ. Mo ti bá ẹfọ̀n pàdé ní ojú ọ̀nà tóóró, ẹfọ̀n náà ló yà fún mi. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, iwin náà ló fọ àwo. Àmọ́ ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́wándé ni, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìdí-Àhùn, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, òun ló pa á. Bí adùn bá wà níbẹ̀, èmi ni mo fi í sí i.

Ọdẹ́wándé kì í jẹ ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi epo pupa kan ẹnu. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un pé ẹ̀rọ̀ ni epo, pé bí ọdẹ bá ń jẹ ẹ́, gbogbo oògùn ara rẹ̀ á rọ̀, ìbọn rẹ̀ á wá máa wúkọ́ dípò kó dún. Nítorí náà iṣu sísun àti ẹran gbígbẹ ló ń jẹ láàárọ̀, ẹran gbígbẹ àti iṣu sísun ló sì ń jẹ lálẹ́, kí ẹnu má baà sú u. Bí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ síwájú rẹ̀, á ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ewé ni ẹran ń jẹ. Èmi, ẹran ni mò ń jẹ." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àbí? Irú ọ̀rọ̀ tó dùn létí báyìí kì í pẹ́ pani.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Lọ́sàn-án gangan kò sí ohun tí kò rí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwa yòókù ṣì ń rí ọ̀nà dáadáa, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá fún òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó kọjá lára òkìtì ọ̀gán kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, bàbá," ó sì délé tán, ó ń bínú pé àgbàlagbà náà kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì ó yìnbọn pa ẹtu kan lẹ́yìn abúlé. Nígbà tí wọ́n gbé iná débẹ̀, òbúkọ alágbẹ̀dẹ ni. Ó ní òun mọ̀ pé òbúkọ ni, pé òbúkọ náà ní ìwà burúkú lọ́wọ́.

Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ má rín in tán. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹran ń jáde. Ọdẹ tí kò ríran ní ìrọ̀lẹ́, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni ìbọn jẹ́ ní èjìká rẹ̀. Ní Ìdí-Àhùn, a ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, bí àgbàdo tuntun bá ti gbó, Olúọdẹ á fi òwú so ọsàn wẹ́wẹ́ kan rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ní ìrọ̀lẹ́, ọdẹ kọ̀ọ̀kan á sì yìnbọn sí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tàsé, á gbé ìbọn rẹ̀ lé Olúọdẹ lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé, wọ́n á fi ọkọ́ dípò rẹ̀ fún un, ó tán. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ọjọ́ náà pé. Ọdẹ́wándé tó ń fọ́nnu lójú ọjà, ẹ̀rù ń bà á débi pé kì í rí oorun sùn.

Àwẹ̀ró mọ̀. Ìyàwó wo ni kì í mọ̀? Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́rónkẹ́, mo rí yín lánàá bí ẹ ṣe ń táràrà wá ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́. Ẹ jẹ́ n fi epo se ẹ̀fọ́ fún yín. Òun ni ìyá mi fi ń wo àwọn ọmọ tí kì í ríran ní ìrọ̀lẹ́."

"Ṣé o fẹ́ kí oògùn ara mi rọ̀ ni?"

"Oògùn wo? Èyí tí ẹ fi pa òbúkọ?"

Àwẹ̀ró pòṣé, ó ní kò burú, epo tí wọn kò jẹ nílé òun, òun á máa tà á fún àwọn alájàpá tó ń ti inú igbó wá, àwọn tó máa ń fi aṣọ bo ojú. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe.

Ọ̀kan nínú àwọn alájàpá yìí ló wá sọ fún Ọdẹ́wándé pé lẹ́yìn igbó méje, ìlú kan wà tí à ń pè ní Funfun-Báláú, pé wọ́n ní kóró aláwọ̀ kan níbẹ̀, pé ẹni tó bá gbé e mì, á rí èèrà dúdú lórí òkúta dúdú nínú òkùnkùn. Ẹ wá wo ọmọ aráyé. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn àdògán lásán ló wà, kò gbà á. Ohun tí ẹni tó bo ojú sọ, tó wà lẹ́yìn igbó méje, ó gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbé àpò kọ́.

N kò ní í ka igbó mẹ́fà àkọ́kọ́ fún yín, iwin ibẹ̀ kò ní láárí. Igbó keje ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́nu-mẹ́ta ń ṣọ́. Ẹnu kan wà níbi tí ẹnu ń wà, ọ̀kan wà níwájú orí, ọ̀kan wà láyà. Ti ìsàlẹ̀ imú ń jẹun, ti iwájú orí ń bú ènìyàn, ti àyà ń tọrọ àforíjì fún èyí tó ń búni.

Ẹnu iwájú orí ní, "Aláṣejù, ibo lò ń lọ?"

Ẹnu àyà ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbí, á sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́, tí kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ọdẹ́wándé gbé àyà síta. Nípa ara rẹ̀ ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Èmi ni mo pa ẹkùn mẹ́ta lọ́jọ́ kan."

"Irọ́. Ẹkùn kan ni. Ó ti darúgbó, kò sì ní eyín lẹ́nu."

"Èmi ni mo bá erin jìjàkadì ní ẹsẹ̀ odò."

"Irọ́. Erin náà ń sùn ni."

Báyìí ló ń fọ́nnu láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Abẹ́ igi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ẹnu ìsàlẹ̀ imú, èyí tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lá ètè. Ọdẹ́wándé wo apá ọ̀tún, kò rí nǹkan kan. Ó wo apá òsì, kò rí nǹkan kan.

Ó ní, "N kì í ríran ní ìrọ̀lẹ́. Wọn yóò gba ìbọn mi, n kò sì mọ ohun tí n óò jẹ́ láyé bí n kò bá jẹ́ ọdẹ mọ́."

Ẹnu àyà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ máa kọjá." Ẹnu iwájú orí ní, "Gbogbo ẹranko inú igbó yìí ló ti mọ̀ tipẹ́."

Bó ṣe dé Funfun-Báláú nìyẹn. Orúkọ ro ìlú náà. Iṣu funfun, ìyẹn kò burú, iṣu tiwa náà funfun. Ṣùgbọ́n ata wọn funfun, tòmátò wọn funfun, epo wọn funfun, ẹ̀fọ́ wọn funfun bí òwú. Gbogbo àwọ̀ tí Ọlọ́run fi sínú oúnjẹ ni wọ́n ń fún jáde, wọ́n ní àwọ̀ ń dọ̀tí eyín. Nígbà tí wọ́n bá ti fún un tán, wọ́n á gbẹ àwọ̀ náà, wọ́n á sọ ọ́ di kóró, wọ́n á wá gbé kóró náà mì lẹ́yìn oúnjẹ funfun. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, n óò dé ọ̀dọ̀ yín.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Olóyè Àgbàrá-Ọ̀rọ̀, olórí àwọn alágbàtà kóró. Ara olóyè yìí pupa rúsúrúsú bí ìbẹ́pẹ pípọ́n, ìgò ojú mẹ́ta ló sì tò léra wọn lórí imú. Ó tẹ́ kóró sílẹ̀ lórí àtẹ.

Ó ní, "Ọdẹ, bí o kò bá fi epo nu ìbọn rẹ, kí ló ń ṣe é?"

"Á dípẹtà."

"Ara ènìyàn náà ń dípẹtà láti inú. Iná tó ń jó oúnjẹ nínú rẹ ń ta sí ọ lára, ó ń bù ọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ inú ewé àti èso ló ń pa iná tó ń ta náà. Pupa yìí wà fún ọkàn. Èyí tó rí bí aró wà fún ọpọlọ. Èyí tó rí bí inú elégédé wà fún ojú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́wándé létí, nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Nítorí náà, pupa yìí ń wo àìsàn ọkàn?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Èyí tó rí bí aró ń jẹ́ kí ènìyàn dàgbà dàgbà?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Ta ló ti lò ó tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn?"

"Eku kan."

"Eku náà dà?"

"Ológbò ti pa á. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le koko nígbà tí ológbò fi pa á."

Ọdẹ́wándé wo ìgò mẹ́ta tó wà lójú olóyè. "Ẹ má bínú o, olóyè. Ẹ̀yin fúnra yín ń lo ti ojú?"

"Ogójì lójúmọ́. Bí n kò bá lò ó ni, ìgò mẹ́fà ni n óò máa wọ̀."

Ènìyàn tó ní làákàyè á ti yíjú padà níbẹ̀. Ọ̀gá mi kò yíjú padà, ẹni tí odò ń gbé lọ kì í béèrè bóyá ejò ni òun dì mú. Wọ́n ní kó fi ogún ọjọ́ ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń fún àwọ̀ jáde nínú oúnjẹ, wọ́n á fún un ní ọgọ́ta kóró ojú. Ó gbà.

Ilé ńlá kan ni, òkìtì ẹ̀fọ́, elégédé, ọ̀dùnkún pupa àti ẹyìn kún ibẹ̀ dé àjà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá àgbà kan, Ìyá Abéjidé, ló ń ṣe olórí wọn. Àwọn ará ìlú kì í fún wọn ní oúnjẹ funfun, wọ́n ní ó ti dára jù fún wọn. Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹ́ kù lára ewé, tí wọ́n ní kí wọ́n dà nù, òun ni Ìyá Abéjidé máa ń fi ìsàlẹ̀ epo sè.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bu tirẹ̀ fún Ọdẹ́wándé. Ọ̀gá mi ti abọ́ náà sẹ́yìn, ó ní, "Ewé ni ẹran ń jẹ."

Ìyá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹran tó ń jẹ ewé yẹn, ní ìrọ̀lẹ́, ṣé òun kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rí ọ kí o tó rí i?"

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, kò tíì sí ẹni tó fún un lésì. Ebi sì ń pa á. Ó di imú, ó gbé òkèlè kan mì bí ẹni ń mu àgbo. Nígbà tó di òkèlè kẹta, ó gbàgbé láti di imú.

Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì epo tuntun wọlé. Òwú pupa ni wọ́n fi so etí ọ̀kan, wọ́n ta á ní kókó méjì. Ọdẹ́wándé mọ ọwọ́ tó ń ta kókó yẹn. Ó bi ìyá àgbà pé epo ta ni.

"Ìdí-Àhùn ni wọ́n ti ń kó o wá. Wọ́n ní obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kì í jẹ epo. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀dẹ̀ ọkùnrin yẹn ni, kóró ojú ì bá ti wọ́n ní ìlú yìí."

Ojú tì í débi pé ó lọ dúró sẹ́yìn òkìtì elégédé. Igbó méje ló là kọjá, ó wá bá epo ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo ìyà tí òun jẹ lọ́nà, kò sí èyí tó dun òun tó kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oòrùn ti wọ̀, wọ́n jókòó lẹ́yìnkùlé. Àwọn ará ìlú tó gbé kóró mì ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà ilé, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń sọ pé "ẹ má bínú" fún ògiri. Ọdẹ́wándé ṣèèṣì wo ojú Ìyá Abéjidé. Ó rí ilà rẹ̀. Ó kà á: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ọ̀kan níwájú orí tó ti fẹ́ parẹ́. Ó tún un kà. Ó bú sẹ́kún. Ìyá náà ní kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan, pé ilà ìyá dára ni.

Ẹ lè rò pé ó ti gbọ́n, kò tíì gbọ́n. Nígbà tí wọ́n fún un ní ọgọ́ta kóró tí wọ́n ní kó máa lo ẹyọ kan lójúmọ́, ó jókòó lẹ́yìn odi ìlú, ó rò ó pé bí pàǹtí ewé bá ṣe tó báyìí, kí ni kóró fúnra rẹ̀ kò ní í ṣe? Ọdẹ ni, ọdẹ tó máa ń ki ètù ìlọ́po méjì sínú ìbọn kí ó lè dún dáadáa. Ó da ọgọ́ta kóró sẹ́nu, ó fi omi lé e. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lóṣòó sínú igbó, tí inú ń ṣí i. Nígbà tó dìde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sì fi irun kan dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlẹ́nu-mẹ́ta rí i tó ń padà bọ̀, ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pa ẹ̀rín pọ̀.

Ó délé, ó bá Àwẹ̀ró níbi àdògán. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ṣé ẹ̀fọ́ wà nílé?"

Àwẹ̀ró wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin náà ni, àbí iwin ni wọ́n rán sí mi?"

"Èmi ni. Fi epo sí i dáadáa."

Ó jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ fi pé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo abúlé péjọ. Olúọdẹ so ọsàn wẹ́wẹ́ rọ̀, àwọn kan sì ti ń rẹ́rìn-ín sínú, nítorí ọ̀rọ̀ òbúkọ ti tàn ká. Wọ́n ti gbé ọkọ́ kan wá pàápàá. Ọdẹ́wándé gbé ìbọn sójú. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ìbọn dún, òwú nìkan ló kù lára ẹ̀ka.

Gbogbo wa yí i ká. Olúọdẹ ní, "Ọdẹ́wándé, o lọ fún oṣù kan ààbọ̀, o dé pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, o sì ń ríran bí àwòdì. Kí lo lò?"

Ó yẹ kí ẹ rí ojú ọ̀gá mi lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó wu ọdẹ jù lọ láyé ni kí wọ́n bi í ní irú ìbéèrè yìí. Ìtàn iwin ti kún ẹnu rẹ̀. Níbi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni obìnrin kan, Móníwúrà, amọ̀kòkò wa, la ọ̀nà wọ àárín wa. Ó fa Ìbídùn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà na ọwọ́ síwájú, ó ń fọwọ́ wá afẹ́fẹ́.

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá, bí oòrùn bá ti wọ̀, ọmọ mi kì í rí mi mọ́. Ẹ sọ ọ̀nà ìlú náà fún mi, n óò gbé e lọ."

Ọdẹ́wándé wo ọmọ náà. Gbogbo ìfọ́nnu tó wà lẹ́nu rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Má lọ síbì kankan. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni, elégédé ni, epo pupa ni. Àwẹ̀ró ti sọ ọ́ fún mi kí n tó lọ, agídí ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Kóró tí mo lọ wá, ìgbẹ́ gbuuru ló fún mi. Ẹ wá bá ìyàwó mi, òun á fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń sè é."

Ṣé ẹ rò pé a gbà á gbọ́? Olúọdẹ ní àgbà kì í fi ohun rere jẹ nìkan. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ wo ló ń sọ ènìyàn di pupa rúsúrúsú báyìí? Ó ń fi kóró pa mọ́ fún wa." Bí ọkùnrin náà ṣe ń búra tó ni ó ń dá wa lójú tó pé irọ́ ló ń pa. Ó ti purọ́ fún wa fún ogójì ọdún, a sì gba gbogbo rẹ̀. Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ, a kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọdẹ mọ́kànlélógún ti gbọ̀nà igbó lọ wá kóró. Ẹ má bi mí pé ta ló ṣíwájú wọn. Ọdún méjì la fi wà níwájú Ẹlẹ́nu-mẹ́ta. Nínú wa, kò sí ẹni tó rí òótọ́ kan sọ nípa ara rẹ̀. Ẹran gbígbẹ la ń jẹ níbẹ̀, ẹran gbígbẹ nìkan, títí a fi túká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ẹ̀yìn Ìdí-Àhùn. Mo ń fi ìbọn wá ọ̀nà, mo ń sọ fún ara mi pé kùrukùru ló bo ilẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti ọ̀nà jíjìn, láti ibi tí n kò lè rí ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o. Kùkùté wà níwájú yín."

Mo dúró. Mo wo ilẹ̀ títí, n kò rí kùkùté kankan. Ẹsẹ̀ kékeré sáré wá, Ìbídùn ọmọ Móníwúrà dé ọ̀dọ̀ mi, òórùn ẹ̀fọ́ elépo wà lẹ́nu rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì mú mi gba ẹ̀gbẹ́ kùkùté náà kọjá wọ abúlé.